Ilé Tó Ń Forí Balẹ̀ fún Ààrẹ Sìrájù

Lásìkò ìtàn yìí, bí ẹ bá ń gba Treichville ní Àbíjàn kọjá lọ́jọ́ Àìkú, tí ẹ rí ọkùnrin mẹ́rin tí wọ́n gbé nǹkan ràgàjì tí wọ́n fi aṣọ funfun bò lé èjìká, ẹ má ṣí fìlà, ẹ má sì kí ẹnikẹ́ni kú ará fẹ́ra kù. Kì í ṣe òkú. Àga ni. Àga Ààrẹ Sìrájù ni, ó ń lọ sípàdé ṣáájú ẹni tó ni ín.

Igi ìrókò ni wọ́n fi kan àga náà. Ó ní orí kìnnìún méjì níwájú àti ẹyẹ idì kan lẹ́yìn, ó sì wúwo débi pé káfíńtà tó kàn án bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n tètè wá gbé e kúrò nínú ṣọ́ọ̀bù òun kí ilẹ̀ lè sinmi. Òfin ẹgbẹ́, tí Ààrẹ fọwọ́ ara rẹ̀ kọ, sọ pé ẹnikẹ́ni tó bá kọjá níwájú àga yìí gbọ́dọ̀ kí i, ì báà jẹ́ pé kò sẹ́ni tó jókòó lé e. Mo ti fojú ara mi rí àgbàlagbà tó bọ́ bàtà fún igi.

Ta ni Ààrẹ Sìrájù? Ó dára tí ẹ bi mí, nítorí bí òun fúnra rẹ̀ lẹ bi, ilẹ̀ á ṣú mọ́ yín lórí. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n bí sí Àbíjàn ni. Ẹ̀yà ara mọ́tò ló ń tà ní Adjamé, ó sì mọ̀ ọ́n tà. Ká ní ó dúró síbẹ̀ ni, n kì bá tí rí ìtàn sọ. Ṣùgbọ́n lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn, ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá àdúgbò náà ń wá alága. Gbogbo ẹni tó lóye ló ní ọwọ́ òun dí, ni wọ́n bá fi Sìrájù jẹ ẹ́. Oṣù kan kò tíì pé tó fi sọ pé "alága" ti kéré jù, ó di Ààrẹ. Nígbà tí yóò fi pé ọdún, ó ti di Ààrẹ Àgbà, Président Général, Bàbá Gbogbo Àtìpó, Òpó Tí Kì í Yẹ̀. Káàdì tí ó kọ gbogbo rẹ̀ sí gùn tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé ó ní láti ká a kí ó tó lè wọ àpò.

Lúkmánì ni akọ̀wé rẹ̀, iṣẹ́ ìwé sì kọ́ ló ń ṣe. Bí Ààrẹ bá sín, Lúkmánì á dìde, á ní, "Ẹ gbọ́ bí èémí àgbà ṣe ń dún, ẹ̀yin èèyàn!" Ilé á pàtẹ́wọ́. Bí Ààrẹ bá dákẹ́, á ní, "Ṣé ẹ gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ yẹn? Ọgbọ́n ló kún inú rẹ̀." Wọ́n á tún pàtẹ́wọ́. N kò purọ́ mọ́ ọn. Bí mo bá tilẹ̀ purọ́, kò ju díẹ̀ lọ.

Ohun tó gbé wa débí nìyí. Àwọn ìyá àgbà méje kan, opó ni gbogbo wọn, jọ ń gbé nínú àgbàlá àtijọ́ kan ní Treichville. Ìyá Sàlímátù ni olórí wọn. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó sì ti ta aṣọ ní ọjà ibẹ̀ fún ogójì ọdún kí orúnkún rẹ̀ tó ní ó tó. Lákòókò òjò èṣí, ògiri yàrá kan wó lu ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí ibùsùn, ẹsẹ̀ ìyá náà méjèèjì sì ṣẹ́. Láti ọjọ́ náà, bí òjò bá ti ṣú báyìí, oorun ti dá lójú Ìyá Sàlímátù nìyẹn. Á jókòó, á máa wo àjà. Ní ọdún yìí, onílé ní kí wọ́n kó jáde kí oṣù kẹfà tó parí, òun fẹ́ wó gbogbo rẹ̀ palẹ̀.

Ẹgbẹ́ ti ń dáwó jọ láti bí ọdún mẹ́sàn-án láti ra ilé fún irú àwọn ìyá bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n bi Ìyá Sàlímátù léèrè irú ilé tó ń fẹ́, ó ní, "Kò dìgbà tó bá lẹ́wà. Èyí tí kò ní wó lù wá ni kẹ́ ẹ wá." Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi gbólóhùn yẹn sápò. A máa lò ó.

Wọ́n rí ilé kan ní Riviera. Ọkùnrin kan tó mọ aṣọ wọ̀, Monsieur Axel, ló ń tà á. Ọ̀dà rẹ̀ tuntun, òdòdó wà lẹ́nu ọ̀nà, òkè onípákó kan sì wà nínú pálọ̀, tí èèyàn lè dúró sí kí ó máa wo orí àwọn tó wà nísàlẹ̀. Bí Ààrẹ ti fojú kan òkè onípákó yẹn, kò wo nǹkan mìíràn mọ́.

"Ibí yìí," ó ní, ó nàka sókè, "ni àga mi yóò máa gbé."

"Gíga yẹ gíga!" ni Lúkmánì wí.

Obìnrin kan ni notaire, ìyẹn amòfin tí ìwé ilé ń ti ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Ó sọ̀rọ̀ kan tí kò gùn: "Ẹ wá expert kan tó mọṣẹ́, kó yẹ ilé náà wò fínnífínní. Lẹ́yìn náà lẹ ó fọwọ́ síwèé." Ọ̀rọ̀ ọlọgbọ́n ni. Ẹni tó bá fẹ́ yan ayẹ̀léwò, kò ju kí ó bi í pé níbo ló ti kọ́ṣẹ́, kí ó ní kó fi ìwé iṣẹ́ tó ti ṣe rí han òun, kí ó wádìí bóyá òun àti ẹni tó ń ta ilé jọ mọra, kí ó sì bá a gun àkàbà lọ wo ohun tó ń wò. Ohun tí èmi àti ẹ̀yin yóò ṣe nìyẹn. Ààrẹ kì í ṣe èmi, kì í sì í ṣe ẹ̀yin.

"Èmi fúnra mi ni n ó yàn án," ni Ààrẹ wí, "nítorí ojú mi ń rí inú èèyàn." Ojú yẹn kan náà ni kò rí ohun tó wà nínú pákó. Mo fẹ́ sáré jù, ẹ forí jì mí.

Àwọn méjì ló wá sí pálọ̀ Ààrẹ láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé. Ẹni àkọ́kọ́ ni Rahmatou. Ọ̀yọ́ ni bàbá bàbá rẹ̀ ti wá, ará Porto-Novo ni ìyá rẹ̀, Àbíjàn ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ló sì ti kọ́ iṣẹ́ ilé kíkọ́. Kò sí Yorùbá tí kò gbọ́. Sísọ ni kò já gaara lẹ́nu rẹ̀. Ó wọ ṣòkòtò àti bàtà iṣẹ́, ó gbé akoto sí abíyá.

"Bonjour, Papa. Ẹ káàárọ̀ o," ló wí, ó tẹ orúnkún díẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti lọ sókè. "Papa, plafond yín yìí, àjà yín, ó ń mu omi dêh. Depuis quand? Láti ìgbà wo?"

Láti ọdún mẹ́fà, kò sẹ́ni tó tíì sọ fún Ààrẹ pé nǹkan kan tó jẹ́ tirẹ̀ ní àbùkù. Ìyàwó rẹ̀ pàápàá ti dẹ́kun.

Rahmatou kò mọ̀ pé òun ti dẹ́ṣẹ̀. Ó tẹ́ ìwé ẹ̀rí rẹ̀ sórí tábìlì, ó tẹ́ ìwé assurance, ìyẹn ìwé adójútòfò, lé e, ó tún fi ìwé àyẹ̀wò ilé kan tó ti ṣe lọ́dún tó kọjá lé orí ìyẹn. "Mi ò kì í ṣiṣẹ́ fún ẹni tó ń tà," ló wí. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ rà, ẹ máa tẹ̀lé mi. On va monter ensemble, a jọ máa gun òkè ni. Tí mo bá rí nǹkan, màá fi hàn yín, ẹ máa fọwọ́ kàn án."

"Ọmọbìnrin," ni Ààrẹ wí, "ṣé o kí àga?"

"Pardon?"

"Àga. O gba iwájú rẹ̀ kọjá."

Rahmatou wo àga. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka kan apá rẹ̀ kó, kó, kó, ó gbìyànjú láti gbé e, kò mì. "Igi gidi ni. Bon bois," ló wí. "Ṣùgbọ́n ó wúwo jù, Papa. Ẹ má gbé e sórí pákó o."

Wọ́n fi ọ̀nà hàn án.

Tidjani ló tẹ̀lé e. Láti ẹnu géètì lọ́hùn-ún ló ti dọ̀bálẹ̀, ó sì ń fi àyà wọ́ bọ̀. Ó kọ́kọ́ kí àga, ó kí Ààrẹ, ó kí bàtà Ààrẹ, ó sì kí fáànù tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí Ààrẹ lára. Monsieur Axel ló júwe rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó Axel ni. Ẹ̀yin ti ń mi orí, mo rí yín. Ààrẹ náà mi orí, ṣùgbọ́n ti ìgbádùn ni tirẹ̀.

"Níbo lo ti kọ́ṣẹ́?"

"Lẹ́sẹ̀ àwọn àgbà bíi tiyín, Bàbá."

"Ìwé ẹ̀rí ńkọ́?"

"Ojúurere yín ni, Bàbá. Bí mo bá rí ìyẹn, kí ni mo tún ń wá?"

"Bí o bá rí àbùkù lára ilé náà ńkọ́?"

Tidjani gbé ọwọ́ lé àyà. "Ha! Ilé tí Ààrẹ ti fẹ́ràn? Bí ojú mi bá rí àbùkù níbẹ̀, ojú mi ni màá gbé lọ sọ́dọ̀ dókítà."

Omi bọ́ lójú Lúkmánì. Ààrẹ dìde, ó gbọn agbádá, ó ní, "Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ti rí ẹni tó mọṣẹ́!"

Nítorí pé ìwà ẹni bíi Rahmatou ṣì ń dùn ún, ó pe ìpàdé pàjáwìrì lọ́jọ́ kejì. Ó sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan àti ààbọ̀. Mo máa gé e kúrú fún yín, torí mo fẹ́ràn yín. "Ẹ̀yin ọmọ Odùduwà!" ló wí. "Bí ejò bá wọlé lálẹ́, ṣé kì í ṣe okùn ilẹ̀ ni àwọn bàbá wa ń pè é? Bí ọba bá lọ, ṣé a jẹ́ sọ pé ó kú? Ṣé a kì í ní ó wàjà? Àwa kì í pe ohun búburú lórúkọ níwájú ẹni ńlá! Nítorí náà, ilé tí èmi yóò fi ìdí kàn, ẹnu ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ pe àbùkù rẹ̀ ní orúkọ. Èdè ọ̀wọ̀ ni a ó máa fi sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá rú òfin yìí yóò jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ fún ìpàdé mẹ́ta!"

Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ àwọn bàbá. Kí ejò má baà gbọ́ ni wọ́n ṣe ń pè é ní okùn. Ṣùgbọ́n n kò gbọ́ rí pé wọ́n mú okùn náà, wọ́n fi di ṣòkòtò mọ́dìí.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, Tidjani ka ìwé àyẹ̀wò rẹ̀ níwájú ẹgbẹ́. Ó ti wọ ilé náà lóòótọ́, ó mu ọtí dídùn pẹ̀lú Axel ní pálọ̀, ó sì jáde. Ó wọ ìbọ̀wọ́ funfun láti kà á.

"Ògiri ìhà ìlà-oòrùn," ó kà á, "ń rẹ́rìn-ín músẹ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀."

"Ẹ̀rín ayọ̀!" ni Lúkmánì wí. Wọ́n pàtẹ́wọ́.

"Ìbùkún ń kán sílẹ̀ láti òrùlé, pàápàá bí ojú ọ̀run bá dùn sí wa."

"Àmín!"

"Òkè onípákó, níbi tí àga Ààrẹ yóò gbé, ti bẹ̀rẹ̀ sí í forí balẹ̀ ní àárín, nítorí ó ti mọ ẹni tó ń bọ̀. Àwọn àlejò kéékèèké kan sì ń gbé inú òpó rẹ̀. Wọ́n pọ̀, ìfẹ́ ilé náà kò sì jẹ́ kí wọ́n lọ."

Ìyá Sàlímátù na ọwọ́ sókè lórí ẹní tó jókòó sí. "Ọmọ mi, àwọn wo ni àlejò kéékèèké?"

"Ìyá, àwọn ẹ̀dá Ọlọ́run tó fẹ́ràn igi ni."

"Ṣé ikán ni?"

Ariwo sọ. Lúkmánì fọwọ́ di etí Ààrẹ méjèèjì. Wọ́n dá Ìyá Sàlímátù lẹ́jọ́ lójú ẹsẹ̀ pé kí ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ fún ìpàdé mẹ́ta. Ìyá wo ẹní abẹ́ rẹ̀. "Ilẹ̀ náà ni mo kúkú wà," ló wí.

Ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ó wá Rahmatou lọ, wọ́n sì jọ lọ sí Riviera láàárọ̀ ọjọ́ kan. Rahmatou kí ọlọ́dẹ ẹnu géètì ní èdè Dioula, "I ni sogoma," ọlọ́dẹ rẹ́rìn-ín, ó sì ṣílẹ̀kùn fún wọn. Nínú pálọ̀, ọmọbìnrin náà kan òpó abẹ́ òkè onípákó lẹ́ẹ̀mẹta.

"Ìyá, ẹ gbọ́. Ó ń dún bí igbá òfìfo." Ó yọ tọnafíìsì, irin tí wọ́n fi ń yí ìdè, lápò, ó tì í mọ́ igi náà. Irin wọlé, ó ku èèkù. Nígbà tó fà á yọ, ìyẹ̀fun àti ikán ló tẹ̀lé e jáde. "Ọ̀dà nìkan ló gbé e dúró. Tí ẹni kan bá gùn ún, peut-être, bóyá, ó máa gbà. Tí ẹni kan gùn ún avec àga yẹn? Ça tombe direct, ó máa já lulẹ̀ ni."

Ìyá Sàlímátù jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó sì sunkún. Kì í ṣe pé ó fi ń ṣe nǹkan kan. Ẹ̀rù ló bà á. Ẹsẹ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń rí, bí wọ́n ṣe yọ ọ́ lábẹ́ bíríkì. Nígbà tó nujú tán, ó wọ takisí lọ sílé Ààrẹ, ó fi orúnkún tó ń dùn ún kúnlẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má jẹ́ kí wọ́n ra ilé náà.

"Ìyá," ni Ààrẹ wí, ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tó fẹ́ ta èèyàn lọ́rẹ, "ẹ̀rù nǹkan tó tóbi ló ń bà yín. Mo ti mọ ohun tí n ó ṣe. Abẹ́ òkè mi gan-an ni n ó tẹ́ ibùsùn yín sí. Láràárọ̀ lẹ ó máa gbọ́ ìró ẹsẹ̀ mi."

Sátidé tó tẹ̀lé e ni ọjọ́ ìfọwọ́síwèé. Ilé náà ni Ààrẹ ní kí wọ́n ti ṣe é, kí òun lè fi ìjókòó gba ilé. Òjò oṣù kẹfà ti bẹ̀rẹ̀ láti ìdájí, àwọn èèyàn sì kún pálọ̀ fọ́fọ́. Notaire gbé ìwé lé tábìlì, ó ṣí bírò sílẹ̀. Axel ń rẹ́rìn-ín. Tidjani wọ ìbọ̀wọ́. Ìyá Sàlímátù ní tirẹ̀ ń wọ́ ẹní kiri. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú àwọn ìyá rẹ̀ jókòó sábẹ́ òkè onípákó. Ó tún lé àwọn ọkùnrin tó wà níbẹ̀ kúrò, ó ní ibẹ̀ ni òun fẹ́ kírun sí.

Àwọn ọkùnrin mẹ́rin gbé àga gun òkè. Àtẹ̀gùn ké, pákó dáhùn.

"Wọ́n ń kí Ààrẹ," ni Tidjani wí.

Ààrẹ lé àwọn mẹ́rin náà sísàlẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ bá a pín gíga. Ó jókòó. Ó tún agbádá ṣe. Ó na ọwọ́ méjèèjì.

"Èmi, Sìrájù," ló bẹ̀rẹ̀, "Ààrẹ Àgbà, Président Général, Bàbá Gbogbo Àtìpó, Òpó Tí Kì í..."

Gbàrà!

Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mo wà níbẹ̀. Pákó là lábẹ́ rẹ̀, àga rì, apá rẹ̀ méjèèjì wá há sáàárín igi, ó dúró. Lókè, orí kìnnìún méjì àti fìlà kan la rí. Nísàlẹ̀, ẹsẹ̀ méjì pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ funfun yọ láti inú àjà, wọ́n ń wa kẹ̀kẹ́ tí a kò rí. Bàtà kan já bọ́ sínú àwo dàbínù.

Ọ̀dọ́kùnrin kan la ẹnu pé Ààrẹ ti wọ àjà. Àwọn ìyá sáré di í lẹ́nu, nítorí ẹni tí a máa ń sọ ìyẹn nípa rẹ̀ kì í ta ẹsẹ̀ mọ́.

Gbogbo ilé ń retí ohùn Ààrẹ. Kí ni kó sọ? Òfin rẹ̀ ń bẹ, notaire ń gbọ́, Axel ń wò ó. Ó wú ikọ́. "Ẹ̀yin èèyàn mi," ló wí, ohùn rẹ̀ ti tín-ín-rín, "òkè onípákó ti... ti dọ̀bálẹ̀ fún mi pátápátá!"

"Ó yẹ bẹ́ẹ̀!" ni Lúkmánì ké. Pálọ̀ pàtẹ́wọ́.

"Ìbùkún òrùlé ń kún inú fìlà mi!"

"Àmín! Kó kún bámúbámú!"

"Ọ̀rọ̀ mi kò yé yín ni! Àwọn àlejò kéékèèké... wọ́n ti wọ inú ṣòkòtò mi! Wọ́n pọ̀!"

"Ẹ kú àlejò o, Ààrẹ!" ni gbogbo ilé dáhùn, torí ọmọ Yorùbá kì í gbọ́ àlejò kó má kí onílé. "Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ rí wọn tọ́jú!"

Ẹsẹ̀ méjèèjì yára wa kẹ̀kẹ́ náà sí i. Mo rí i tí ìyá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń fi ìborùn bo ẹnu, tí èjìká rẹ̀ ń mì.

Ìgbà náà ni Ìyá Sàlímátù dìde. Ó rìn dé iwájú ẹsẹ̀ náà, ó bá wọn sọ̀rọ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. "Ààrẹ, notaire ti mú bírò lọ́wọ́. Ṣé kó fọwọ́ sí i? Ṣé ilé yìí dára?"

"Ilé ń... ilé ń tẹríba, Ìyá."

"Èdè yẹn kò yé mi. Ibi tí mo dúró yìí lẹ ní kí n máa sùn. Ṣé kí n sùn níbẹ̀?"

Pákó ké lẹ́ẹ̀kan sí i, àga sì sọ̀ kalẹ̀ níwọ̀n ìka mẹ́rin. Gbogbo oyè Ààrẹ ló bá a sọ̀ kalẹ̀.

"Ikán ni!" ló ké. "Ikán ti jẹ ẹ́ tán! Òrùlé ń jò! Ògiri ti là! Ilé burúkú ni, ó máa wó! Ẹ má fọwọ́ sí i! Ẹ má sùn síbẹ̀, Ìyá Sàlímátù, ẹ gbà mí, mò ń kú lọ!"

"Àmín!" ni Lúkmánì ké, nítorí ó ti mọ́ ọn lẹ́nu.

Notaire dé ìdérí bírò rẹ̀. Ìró kékeré yẹn ni Ìyá Sàlímátù sọ pé ó dùn jù létí òun lọ́dún yẹn. A wá Axel, a kò rí i. Ìbọ̀wọ́ funfun kan wà lórí fèrèsé, ẹni tó ni ín ti gba inú òjò lọ.

Àwọn ọkùnrin fẹ́ sáré gun òkè. "Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gùn ún!" ni Ìyá Sàlímátù wí. "Ẹ pe ọmọ mi." Wọ́n tẹ Rahmatou láago.

Ó dé lẹ́yìn ogójì ìṣẹ́jú, òun àti àkàbà irin àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ méjì. Kò kánjú. Ó kan ògiri, ó kan òpó, ó fi igi méjì ti abẹ́ pákó náà. Lẹ́yìn náà ni ó dúró níwájú ẹsẹ̀ Ààrẹ, ó bọ́ akoto, ó kúnlẹ̀ lórí orúnkún méjèèjì bí wọ́n ṣe ń kúnlẹ̀ ní Ọ̀yọ́.

"Ẹ kú ìjókòó, Papa," ló wí.

Ẹ̀rín wó ilé. Ìkíni náà pé, kò lábùkù. Kò sí ẹni tó jókòó tí a kì í kí bẹ́ẹ̀. Àwọn kan gbé ara wọn mọ́ ògiri tó ń rẹ́rìn-ín, ògiri sì bá wọn rẹ́rìn-ín, ni wọ́n bá sáré kúrò níbẹ̀.

Ohùn kan ti òkè wá. "Ẹ... ẹ kú iṣẹ́, Expert." Ó pe ọmọ tó kéré sí i ní ẹ. Ọdún mẹ́fà rèé, a kò gbọ́ irú rẹ̀ rí.

"Papa, kí n tó fà yín: ẹsẹ̀ ń dùn yín?"

"Ó ń... ó ń rẹ́rìn-ín díẹ̀."

"Papa."

"Ó ń dùn mí! Èyí tòsì! Ní orúnkún!"

"Voilà," ni Rahmatou wí, ó sì gun àkàbà. Wọ́n gbé e sọ̀ kalẹ̀ láìsí fìlà, pẹ̀lú bàtà kan. Ìyá Sàlímátù ló nu ojú rẹ̀ fún un. Kò bá a jà. Ó kàn ń sọ pé, "Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ pẹ̀lẹ́," bí a ti ń sọ fún ọmọ tó ṣubú.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, ìwé kan dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ pé Ààrẹ Àgbà fẹ́ lọ sinmi díẹ̀ lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. A mọ̀ pé èdè ọ̀wọ̀ nìyẹn, a sì gbà á tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ kí ó tó yí i padà. Ní ti àga, ó ṣì há sínú pákó. Wọ́n ní Axel ti fi kún ohun tó fi ń polówó ilé náà.

Rahmatou yẹ ilé mẹ́ta wò fún ẹgbẹ́, Ìyá Sàlímátù sì ń tẹ̀ lé e wọ ilé kọ̀ọ̀kan, ó ń fọwọ́ kan ohun tí wọ́n bá fi hàn án. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ní rárá. Ẹ̀kẹta jẹ́ ilé pẹlẹbẹ kan ní Koumassi, tí kò lẹ́wà rárá. Wọ́n ka ìwé àyẹ̀wò rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin níwájú àwọn ìyá méje: ilẹ̀kùn ilé ìdáná kò pa dé, ẹ̀rọ omi ń han, férémù fèrèsé kan ti jẹrà, ọ̀dà ń ṣí bí ara aláǹgbá. Ọjọ́ mẹ́rin kí oṣù tó parí ni wọ́n kó wọbẹ̀.

Ọjọ́ kan, lọ́wọ́ ọ̀sán, òjò ń rọ̀, Sìrájù wá kí wọn. Ó ń tiro. Kí ó tó wọlé, ó na ọwọ́, ó kan òpó ẹnu ọ̀nà lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì tẹ́tí. Inú yàrá, Ìyá Sàlímátù ló ń sùn, ó ń hanrun gan-an, òjò ń lu páànù lórí rẹ̀. Àwọn ìyá yòókù ní òun ni kò jẹ́ kí àwọn gbọ́ òjò. Sìrájù jókòó sórí àpótí, ó dúró títí ìyá fi jí.

"Ìyá," ló wí, lẹ́yìn tí wọ́n kíra tán, ó ń wo òkè, "ṣé ilé yìí kò ní àbùkù kankan?"

"Ó ní," ni Ìyá Sàlímátù wí, ó ń nu ojú oorun. "Méjìlélógójì ni. Wọ́n kà wọ́n sí wa létí lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn ò fi ọ̀kankan pa mọ́. Ilé tí wọ́n ti bú tó báyẹn, èèyàn lè sùn nínú rẹ̀."